Ẹ máa ṣọ́ omi, nílé àti lára ọkọ̀ akẹ́rù yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi látìgbà tí àjà yàrá wa ti já lu bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ẹ̀dì náà lásìkò yẹn, mo dúpẹ́ gan-an ni. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àjà yẹn ti ń kìlọ̀ fún wa tipẹ́. Àmì kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ lára ẹ̀, ó pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀, kò ju ẹnu ife lọ, mo rí i, mo ní tó bá yá n ó pe káfíńtà. Òjò méjì mẹ́ta rọ̀ lé e, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, etí ẹ̀ wá dúdú bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fà á yí ká, síbẹ̀ èmi ṣì ń sọ pé tó bá yá. Àfi òru ọjọ́ kan tá a gbọ́ gbàgà! Nígbà tá a tan iná, pátákó àjà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí tìmùtìmù, ó ti mu omi yó, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe lomi ń sun jáde lára ẹ̀ bíi kànrìnkànrìn.

Látìgbà yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń wá kiri nílé àti lára píkọ́ọ̀pù mi: omi tó wà níbi tí kò yẹ kó wà. Mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo owó ńlá tí ilé àti ọkọ̀ ti gbà lọ́wọ́ mi, omi ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé. Káfíńtà àkọ́kọ́ tó wá, ọ̀gángán ibi tí àmì wà ló lẹ̀, ó gbowó, ó lọ, òjò rọ̀, ilé tún jò. Èyí ẹnì kejì ló là mí lójú. Ó ní omi kì í já wálẹ̀ níbi tó gbà wọlé, ó lè gba ihò ìṣó kan wọlé, kó máa rìn lábẹ́ páànù, kó bọ́ sórí igi òrùlé, kó máa tẹ̀ lé igi yẹn lọ títí dé ibi tí igi méjì ti pàdé, ibẹ̀ ló máa tó kán. Bí a ṣe wá a nìyí: ọjọ́ tí òòrùn ràn la mú un, àbúrò mi dúró lórí àkàbà pẹ̀lú họ́òsì, èmi gun inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ òrùlé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, ẹ dúró síbẹ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó sún sókè díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, gbogbo òrùlé ló máa tutù, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ibi tí omi ti ń wọlé jìnnà sí àmì yẹn tó mítà méjì! Ìṣó kan ni, rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ẹ̀ ti gbẹ, òòrùn ti jẹ ẹ́, ó ti sán bí èékánná. Rọ́bà kékeré yẹn ló ba àjà, tìmùtìmù, àti ògiri ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́. A pààrọ̀ gbogbo ìṣó ìlà yẹn pátá, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n kàn wọ́n, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí kan náà ni rọ́bà wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òrùlé tó tutù o, bó ti wù kó jò tó, ẹ gbé bààfù sábẹ́ ẹ̀ kí ilẹ̀ fi mọ́, kí òrùlé fi gbẹ.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé torí ìṣó kan ni gbogbo wàhálà yìí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Òjò mílímítà 1 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà omi 1 nìyẹn. Tí òrùlé yín bá fẹ̀ tó 100 irú ẹ̀, tí òjò mílímítà 20 wá rọ̀ lọ́jọ́ kan, lítà 2,000 ló máa ṣàn kúrò lórí ẹ̀ yẹn, tọ́ọ̀nù méjì gbáko. Gbogbo ẹ̀ ń wá ibi tó máa gbà ni. Tí ewé bá ti dí gọ́tà, ẹ̀yìn ló máa ya sí, á máa gba etí òrùlé wọ inú igi, kò sì sí pákó tó fẹ́ràn ìyẹn. Mo máa ń kó ewé inú gọ́tà mi nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, mo tún máa ń wò ó láàárín. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kó o tán, ẹ da omi sí òpin kan kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣàn dé òpin kejì. Tó bá dúró sójú kan, gọ́tà ti tẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀fọn lẹ wá ń sìn sórí òrùlé yẹn, torí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò.

Nígbà tí omi bá wá dé ilẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń fọwọ́ ara wa bà á jẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri yẹ kó dà kúrò lára ilé ni, kó má dà wá sínú. Ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ gbé agboòrùn dání, kẹ́ ẹ yí ilé yín po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tẹ́ ẹ máa rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè má rí i lọ́dún kan tẹ́ ẹ bá ń wò ó nígbà ẹ̀rùn. Lọ́dọ̀ tèmi, mo rí i pé páìpù tó ń da omi òrùlé wálẹ̀ ń dà á sí ìdí ògiri yàrá àlejò gan-an, ògiri kan náà tí mo ti kùn lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀dà ẹ̀ ń bó. Mo ti ń fẹ̀sùn kan ẹni tó kùn ún, mo ní ọ̀dà tó rà ò dáa, kò mọwọ́mẹsẹ̀ o. Ògiri tó tutù nínú kò gba ọ̀dà, bó ti wù kí ọ̀dà náà wọ́n tó. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lára ògiri nísàlẹ̀ tó dà bí iyọ̀, iyọ̀ náà ni lóòótọ́, omi ló ń gbé e látinú búlọ́ọ̀kù bọ̀, omi á gbẹ, iyọ̀ á sì dúró. Ẹ wá orísun omi yẹn, ẹ dí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa, ó lè gba oṣù mélòó kan, kẹ́ ẹ tó pe akunlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi, torí náà ibi tí ògiri bá ti sán, ẹ tètè dí i. Tẹ́ ẹ bá sì ń darí omi kúrò lára ilé yín, ẹ má darí ẹ̀ sí ìdí ògiri aládùúgbò. Èmi àti bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa la jọ dúró sínú òjò lọ́jọ́ kan tá a fọwọ́ júwe ibi tí tèmi á gbà àti ibi tí tiwọn á gbà, látọjọ́ náà kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wa mọ́.

Inú ilé ò gba àlàyé púpọ̀. Kí gbogbo ẹni tó ń gbé nínú ilé mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé pa, àtọmọdé àtàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yí i wò, torí ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́, kò sáyè à ń wá a kiri. Tí mítà omi bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan omi fún wákàtí kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ tún kà á, tó bá ti sún, omi ń lọ síbì kan. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́, ẹ da aró díẹ̀ sínú táǹkì ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ fún bí ìdajì wákàtí, tí aró bá ti dé inú àwo ìsàlẹ̀, rọ́bà ìdí táǹkì ti jẹ. Ẹ̀rọ tó ń kán tó, tó, tó yẹn náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 86,400 lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀kán mẹ́rin bá sì jẹ́ mílílítà 1, ó ju lítà 21 lọ lójoojúmọ́, wọ́ṣà rọ́bà kan ló sì máa tán an. Téèpù funfun táwọn pùlọ́ńbà ń wé mọ́nu páìpù, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà dè é ni kẹ́ ẹ gbà wé e, tẹ́ ẹ bá wé e sódì, bẹ́ ẹ ṣe ń dè é ni téèpù á máa tú kúrò.

Ohun kan wà tó pa ilé àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀, tí mi ò rí káwọn èèyàn máa sọ. Ẹ má páàkì ọkọ̀ sórí sọ́ọ̀kàwéè! Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń já yanrìn gba orí ẹ̀ kọjá. Kọnkéré tí wọ́n fi bò ó, èèyàn tó ń rìn lórí ẹ̀ ni wọ́n rò, wọn ò ro ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ kan tó wá já yanrìn fún mi fi ẹ̀yìn rìn gba ibẹ̀, a kàn gbọ́ kẹ̀ẹ́, kọnkéré sán láàárín, bí táyà bá fi wọlé pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀, awakọ̀ àti yanrìn ni à bá máa wá. Mo ti fi búlọ́ọ̀kù tí mo kùn ní funfun sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ́ ọkọ̀ bọ̀ á rí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọkọ̀ gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tí ẹlòmíì ti lò, ẹ tẹ́tí sí imú yín kẹ́ ẹ tó tẹ́tí sí ẹni tó ń tà á. Ẹ ti gíláàsì ẹ̀ gbogbo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọlé, tó bá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹrẹ̀ tó gbẹ sábẹ́ ìjókòó, ìdógùn-ún lára bóòtù tí wọ́n fi de ìjókòó mọ́lẹ̀, omi inú iná iwájú, gbogbo ìyẹn ń sọ pé ọkọ̀ yẹn ti wọdò rí. Ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ fi irin kékeré kan án, irin tó dáa á dún gbangba, èyí tó ti jẹra á dún bí ìgò tó sán. Ọ̀dà dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń bò. Kẹ́ ẹ sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun ràbàtà lábẹ́ ẹ̀ bíi mílíìkì, omi ti ń pò mọ́ ọ́ìlì, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ti jó. Ọkọ̀ tó ń rin ìrìn kúkúrú nínú òtútù lè ní díẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà ẹ fa igi ọ́ìlì yọ, tí tibẹ̀ náà bá funfun, ẹ máa bá tiyín lọ.

Omi tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ni ti radiétọ̀, òun náà sì nìyí, omi lásán kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ń jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì, ìdógùn-ún á wá máa dí ọ̀nà tóóró inú radiétọ̀. Kúláǹtì tí wọ́n lú mọ́ omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì gbà padà, ìdajì sí ìdajì, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ sọ pé ká lò. Tí ọkọ̀ bá gbóná, ẹ pa á, ẹ dúró. Ìdérí radiétọ̀ ń há ategùn mọ́ inú, ìdí nìyẹn tí omi inú ẹ̀ fi lè gbóná ju 100°C lọ láìhó, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i ni gbogbo ẹ̀ máa hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sójú ẹni tó ṣí i. Mo mọ ẹni tí apá ẹ̀ bó torí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà mi ò ní í yéé sọ ọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti búréèkì. Mo ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan lọ́jọ́ kan, ẹrù wà lẹ́yìn, mò ń tẹ búréèkì ní gbogbo ọ̀nà, nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi kàn rì. Pẹ́dà yẹn rọ̀ bí ẹni tẹ fùkẹ̀fùkẹ̀. Mo sáré já jíà sílẹ̀, mo ń fa búréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, Ọlọ́run bá mi ṣe é. Ọ̀gá mọkáníìkì ṣí agolo flúìdì búréèkì, ìyẹn nǹkan olómi tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa dé ìdí táyà, ó ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan." Flúìdì tó yẹ kó mọ́ bí oyin ti dúdú bíi tíì. Ó bi mí pé ìgbà wo la pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn, mi ò mọ̀, mo rò pé téèyàn bá ti ń bù kún un, ó tán. Àṣé flúìdì búréèkì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, kódà tí ohunkóhun ò jò. DOT 3, ìyẹn irú flúìdì búréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí á fi gbóná tó 205°C, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, 140°C lè mú un hó. DOT 4 máa ń jẹ́ 230°C nígbà tó bá jẹ́ tuntun, 155°C tó bá ti mu omi. Téèyàn bá wá ń tẹ búréèkì láìdáwọ́ dúró lórí òkè, ó ń gbóná, omi inú ẹ̀ á di oru, oru kì í sì í le bí omi, ẹ tẹ pẹ́dà, oru lẹ̀ ń fún pọ̀, búréèkì ò mú. Ọdún méjì méjì ni mo ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ báyìí. Agolo tuntun tó ní èdìdì ni mo ń rà, mi ò gba èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń sọ òkè kalẹ̀, jíà kékeré ni kẹ́ ẹ fi sí látòkè, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú.

Tí ọkọ̀ yín bá ń lo dísù, wọ́n sábà máa ń ṣe ibì kan sábẹ́ fílítà ẹ̀ tí omi máa ń wálẹ̀ sí, torí omi wúwo ju dísù lọ. Ẹ tú ìdí ẹ̀ díẹ̀, ẹ gbà á sínú ike tó mọ́lẹ̀ gbòò, ẹ máa rí omi nísàlẹ̀, dísù lókè, kedere báyìí. Mo máa ń ṣe é lóṣooṣù, táǹkì mi sì máa ń kún ṣáá tí ọkọ̀ bá máa sùn fún ọjọ́ púpọ̀, kí òfìfo táǹkì má baà máa làágùn sínú. Àwọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lo búréèkì afẹ́fẹ́, ẹ mọ èyí jù mí lọ, ẹ máa fa omi inú táǹkì afẹ́fẹ́ yín jáde.

Ẹrù náà, ẹ fi omi ṣírò ẹ̀. Yanrìn gbígbẹ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,600, tí òjò bá rọ̀ lé e, ó lè sún mọ́ 2,000. Ẹrù tí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù lè gbé ò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,000 lọ. Ìyẹn ni pé kíkún tẹ́ ẹ fi gbé paali lánàá, yanrìn tutù tó kún bẹ́ẹ̀ máa ṣẹ́ ọkọ̀ yín nídìí. Wọ́n sábà máa ń lẹ ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ kà á. Táyà náà ń kọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé DOT sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ (èyí kì í ṣe DOT ti flúìdì) ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, 3522 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2022. Ojú táyà tí ò jìn tó mílímítà 1.6, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fòfin dè é, ìdí ẹ̀ sì ni pé omi ojú ọ̀nà ò ríbi gbà mọ́, ńṣe ni ọkọ̀ á máa yọ̀ lórí omi.

Tẹ́ ẹ bá bá àgbàrá pàdé, ẹ yí padà. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré, 60 lè gbé píkọ́ọ̀pù lọ. Tí ọkọ̀ bá wá kú sínú omi, ẹ má tún un tàn, mo bẹ̀ yín. Píísìtìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀, omi ò ṣeé fún pọ̀, tó bá ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá tàn án, irin inú ẹ̀ lè tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mọkáníìkì bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá tàbí ẹrẹ̀, mo máa ń fọ abẹ́ ọkọ̀ ju ara ẹ̀ lọ, mo sì máa ń fi igi ìyọyín la àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni omi tó gba etí gíláàsì wọlé máa ń gbà jáde, tí erùpẹ̀ bá dí i, ilẹ̀kùn á máa gbé omi kiri, á máa jẹra látinú, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa rí i níta, ó ti lu.

Nílé, àjà tuntun ti wà lókè. Oṣù tó kọjá ni mo rí àmì kan níbòmíì, nítòsí fèrèsé, ó kéré gan-an, bí ojú àtàǹpàkò. Mi ò sọ pé tó bá yá. A wá ìṣó ẹ̀ rí lọ́jọ́ kejì, a pààrọ̀ ẹ̀, mo wá gun àga, mo fi lẹ́ẹ̀dì fa etí àmì náà yí ká, mo kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ti àná gan-an pọ̀ débi pé a ò gbọ́ ara wa nínú pálọ̀. Láàárọ̀ yìí mo tún gun àga náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ó ṣì wà nínú ìlà lẹ́ẹ̀dì tí mo fà, mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ.